Ọlọ́dẹ tí wọ́n yá adìyẹ

Bí ọ̀fìnkìn ẹyẹ H5N1 bá wọ inú ọgbà adìyẹ, ọjọ́ méjì péré lè tó kí gbogbo rẹ̀ kú tán. Pẹ́pẹ́yẹ tó ń jẹ̀ nítòsí wọn lè kó kòkòrò kan náà sára, kó sì máa lúwẹ̀ẹ́ lọ bí ẹni tí ohunkóhun kò ṣe. Kì í ṣe gbogbo ìgbà o: ní ìparí ọdún 2002, H5N1 pa pẹ́pẹ́yẹ àti àwọn ẹyẹ omi mìíràn nínú ọgbà ìgbafẹ́ ní Hong Kong. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà hàn. Ní 2010, Katharine Magor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta, ní Kánádà, gbé ìdí kan fún un jáde. Ohun tí wọ́n rí dára; ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i ló wù mí jù.

Ọlọ́dẹ kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ RIG-I. Fọ́nrán RNA ló máa ń yẹ̀ wò. Ti onílé, ìyẹn ti sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ti ní ìṣẹ́tí, bí aṣọ tí télọ̀ parí. Ti fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn kò ní, fọ́sífétì mẹ́ta ló yọ gọngọ létí rẹ̀. Bí ọwọ́ ọlọ́dẹ bá ti kan etí tí wọn kò ṣẹ́ yẹn, ó di kí fèrè dún: sẹ́ẹ̀lì á tú ohun ìkìlọ̀ tí wọ́n ń pè ní interferon jáde, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó múlé tì í á sì tilẹ̀kùn.

Pẹ́pẹ́yẹ ní ọlọ́dẹ yìí, adìyẹ kò ní in. Ẹni tí kò ní sùúrù ì bá kógbá iṣẹ́ rẹ̀ wọlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n adìyẹ kò ní awọ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ náà, ta ló máa sọ pé awọ ẹsẹ̀ ló ń lé ọ̀fìnkìn?

Nítorí náà, wọ́n yá adìyẹ ní ọlọ́dẹ. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì adìyẹ tó ń gbé inú abọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní DF-1, wọ́n fi jíìnì RIG-I ti pẹ́pẹ́yẹ sínú àwọn kan. Àwọn yòókù gba ẹrù kan náà, àmọ́ jíìnì kò sí nínú tiwọn. Ẹ má fojú kékeré wo ẹrù òfìfo yẹn. Òun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè wí pé ariwo ẹrù tó ń wọlé ló jí sẹ́ẹ̀lì. Báwo ni wọ́n wá ṣe mọ̀ pé fèrè dún? Wọ́n so jíìnì tí tanátaná fi ń tàn mọ́ ibi tí àṣẹ interferon ti ń bẹ̀rẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì tó bá pàṣẹ lè tan ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ máa kà. Wọ́n fi RNA tí kò ní ìṣẹ́tí síwájú wọn. Sẹ́ẹ̀lì adìyẹ lásán kò dáhùn. Èyí tó ní ọlọ́dẹ àyálò dáhùn.

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Fèrè wà lọ́dọ̀ adìyẹ tẹ́lẹ̀, aládùúgbò wà, ilẹ̀kùn wà. Ẹni tó máa fọwọ́ kan etí aṣọ ni kò sí. Àlejò láti ara pẹ́pẹ́yẹ sì dé, kò kọ́ èdè kankan kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn gan-an sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, iye rẹ̀ dín kù nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní RIG-I. Ó dín kù ni, kò tán.

Wọ́n tún padà sọ́dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ fúnra rẹ̀. Nínú àwọn tó kó H5N1 tí wọ́n rí ní Vietnam ní 2004, RIG-I ti ròkè ní ìlọ́po tó ju 200 lọ nígbà tí àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Robert Webster wà lára àwọn tó bá Magor kọ ìwé ìwádìí yìí. Láti àwọn ọdún 1970 lòun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé inú ìfun pẹ́pẹ́yẹ ni fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn ti ń pọ̀ sí i, pé ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e jáde sínú adágún. Ara pẹ́pẹ́yẹ le, ó ń wẹ̀ nínú omi náà, adìyẹ sì wà létí adágún, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.