Ojú Tàbí Etí? Lórí Fífi Tábúlẹ́ẹ̀tì Darí Ohùn Lóde Àríyá

Àwọn àgbà ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti orin àti ìlù, etí l'ọ̀rọ̀ wà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ yẹ tábúlẹ́ẹ̀tì tí àwọn alámòójútó ohùn ń gbé kiri òde àríyá wò.

Láyé àtijọ́, ojú kan ni ẹni tí ń darí míkísà ń jókòó sí, ohun tí ó bá gbọ́ níbẹ̀ ni ó fi ń ṣe ìdájọ́ fún gbogbo agbo. Ní 2010 ni iPad jáde, ní ọdún náà sì ni Yamaha ṣe áàpù StageMix fún míkísà M7CL. Ní 2012, Mackie gbé DL1608 jáde, èyí tí ó gba máíkù 16, ṣùgbọ́n tí kò ní fédà kankan lára: iPad ni a fi ń darí rẹ̀. Ohùn orin kì í gba inú Wi-Fi kọjá o; àṣẹ nìkan ní ń gba ibẹ̀. Bí Wi-Fi bá já, orin kò ní dákẹ́, ṣùgbọ́n apá alámòójútó kò ní ká a mọ́.

Kò sí àní-àní pé ohun ìyìn ni èyí. Alámòójútó lè dúró ti akọrin lórí ìtàgé kí ó tún ohùn tí akọrin ń gbọ́ ṣe. Ó sì lè rìn dé ẹ̀bá ògiri, níbi tí ohùn tí ó wúwo máa ń kó jọ sí, kí ó mọ ohun tí àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ ń fara dà.

Àléébù tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ ń fi ojú ṣe iṣẹ́ etí. Àwòrán tí ń fò sókè sódò lójú gíláàsì ni wọ́n ń wò. Irinṣẹ́ kan wà nínú míkísà tí í ti ilẹ̀kùn mọ́ ohùn tí kò bá lágbára tó. Òmíràn ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò. Wọ́n wúlò níbi tí wọ́n ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá lò wọ́n fún dùndún láìronú, ọ̀rọ̀ ni a gé. Ìlù kì í pe kọ́ńsónáǹtì. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni a fi ń mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ àti ọkọ̀. Bí ìlù ẹ̀ẹ̀kan péré bá sọnù, gbólóhùn ti dàrú. Ẹni tí onílù ń kì kò sì ní mọ̀ pé òun ni à ń kì.

Lójú tèmi, ẹni tí yóò darí ohùn ìlù wa gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ìlù, tàbí kí ó bi onílù léèrè kí òde tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé ojú kúrò lára gíláàsì, kí ó rìn yí agbo ká, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó fọwọ́ kàn án. Tábúlẹ́ẹ̀tì ti fi kún bí ọwọ́ ṣe gùn tó. Ṣùgbọ́n bí etí yóò ṣe mú, ọwọ́ ẹni tí ó ni etí ló wà.