Ọmọ Mi, Ta Lo Ń Ná An Fún?

Ìwé kan ni mo tún kà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí níhìn-ín ní Lánlátẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Judith Byfield ló kọ ọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2002, The Bluest Hands ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn àwọn ìyá aláró Abẹ́òkúta láti 1890 sí 1940 ni. Mo kà á ní nǹkan bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn tó jáde, mo sì rò pé ó yé mi. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Ohun tó jẹ́ kí n padà sídìí rẹ̀ ni ìwé pélébé kan tí wọ́n so mọ́ aṣọ tí ọmọbìnrin mi rà bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Àdìrẹ ni aṣọ náà. Ohun tí wọ́n kọ sára ìwé pélébé yẹn kò ju ìlà mẹ́ta lọ: pé àwọn obìnrin Áfíríkà ló fọwọ́ ṣe é, pé owó tí a fi rà á ń gbé wọn dìde, pé a ṣeun. Kò sí orúkọ ìlú. Kò sí orúkọ ènìyàn. Kò tilẹ̀ sọ bóyá oníko ni tàbí ẹlẹ́kọ. Òwò àìrẹ́nijẹ ni wọ́n ń pe irú ọjà báyìí, ohun tó dára sì ni kí ẹnikẹ́ni má rẹ́ni jẹ. Mo bi ọmọ mi pé, “Ta ló rẹ ẹ́?” Ó ní, “Bàbá, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀.”

Kí n tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ara mi wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilẹ̀ Ìbàràpá mọ̀ pé àárín ilé aṣọ méjì la wà: Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè wà lókè wa, Abẹ́òkúta tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ wà nísàlẹ̀. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, mo mú àlejò mẹ́ta tó ti òkè òkun wá lọ sí Abẹ́òkúta. A gun Olúmọ, a sọ̀ kalẹ̀, mo mú wọn lọ bá ìyá kan ní Kémta. Ìyá tẹ́ àdìrẹ oníko sílẹ̀, àwọn òbìrí funfun kéékèèké yí ńlá kan ká bí ìràwọ̀ ṣe ń yí òṣùpá ká. Ojú àwọn àlejò mi kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ìyá dá iye lé e. Èmi, nítorí mo fẹ́ fi hàn pé mo mọ ọjà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an fún wọn. Mo ná an títí ó fi dé ìdajì. Ìyá wò mí, ó ní: “Ọmọ mi, ta lo ń ná an fún?”

Mo rẹ́rìn-ín. N kò ní èsì. Àwọn àlejò yẹn san ohun tí mo ní kí wọ́n san, wọn ì bá san ìlọ́po méjì rẹ̀ láì wẹ̀yìn. Nígbà tí a délé, wọ́n fún mi ní aṣọ kan níbẹ̀ láti fi dúpẹ́. Mo gbà á. Ó ṣì wà nínú àpótí mi.

Èyí ni mo gbé sọ́kàn padà sínú ìwé Byfield. Ohun àkọ́kọ́ tó wú mi lórí nínú rẹ̀ ni pé kò káàánú àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Oníṣòwò ló bá wọn, oníṣòwò ló fi wọ́n hàn. Aṣọ funfun tí wọ́n ń rẹ, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń wá. Ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ni wọ́n ti ń gbà á, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni wọ́n ń gbà á láwìn. Àwọn oníbàárà ń ti Senegal àti Gold Coast wá rà á. Ẹ gbọ́ o: kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti bá wọn wá ọjà lẹ́yìn odi, àwọn ìyá wa ti ń tajà fún ará ẹ̀yìn odi. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, owó àdìrẹ já wálẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè aṣọ funfun kò bá a wálẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ọwọ́ wọn gọ̀, kì í sì ṣe pé wọn ò rí ẹni kọ́ wọn níṣẹ́.

Èkejì ni mo fojú fò dá nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Obìnrin aládìrẹ kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó ni aṣọ wà, ẹni tó dì í wà, aláró tó rẹ ẹ́ wà, ọmọ iṣẹ́ wà, alágbàtà wà. Aláró lè máa gba owó iṣẹ́ lórí aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ẹni tó ni aṣọ sì kó èrè lọ. Nígbà tí ìwé pélébé ti Lọ́ńdọ̀nù bá wá sọ pé owó wa dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, mo gbà á gbọ́. Obìnrin wo? Ṣé èyí tí apá rẹ̀ dúdú dé ìgbúnwọ́ ni, àbí èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù àti fóònù? Àwọn méjèèjì ló yẹ kó jẹun, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yin ara rẹ̀ pé òun kò rẹ́ni jẹ, ó yẹ kó mọ ẹni tí òun ìbá ti rẹ́ jẹ.

Orí tí kò jẹ́ kí n sùn ni ti 1936. Aró òyìnbó àti kọ́stíìkì sódà ti wọlé nígbà náà. Iṣẹ́ wọn yá, wọ́n sì dín làálàá kù. Làwọn kan bá ń kígbe pé àdìrẹ Abẹ́òkúta kò dára mọ́, pé ó ń ṣí, pé ó ń tètè ya. Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fòfin dè é. Àwọn aláró kọ̀. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, wọ́n ta ko ọba, ọ̀rọ̀ náà sì dé ọ̀dọ̀ ìjọba òyìnbó.

Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn olùrà òde òní ń béèrè. Wọ́n ní ẹlú nìkan làwọn fẹ́, wọn ò fẹ́ kẹ́míkà, wọ́n fẹ́ ti ìṣẹ̀ǹbáyé pọ́ńbélé. Mo mọ ohun tí ẹlú ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ìyá ìyá mi ṣe é ní Lánlátẹ̀ yìí, fún kíjìpá tó ń hun fúnra rẹ̀ lórí òfì tó gbé ti ògiri. A ó já ewé, a ó gún un, a ó yí i rogodo, a ó sá a. A ó wá eérú, a ó kó o sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, omi á máa kán láti inú rẹ̀ bọ́ sínú ìkòkò mìíràn. Omi eérú yẹn la ó kó ẹlú sí, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan. Lẹ́yìn náà la ó tó máa rì aṣọ bọ̀ ọ́, a ó fà á yọ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a ó tún rì í, títí á fi dúdú bí ẹtù, títí apá á fi máa ro ni. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára bọ̀rọ̀. Àwa ọmọdé a máa sá fún ìyá àgbà lọ́jọ́ aró, Ọlọ́run kó foríjì wá.

Ẹni tó bá fẹ́ gbogbo èyí, tí kò sì fẹ́ san ju owó kàmpàlà lọ, n kò mọ ohun tó fi yàtọ̀ sí Aláké. Ọba fi òfin lé e, ti òde òní ń fi ẹ̀rín lé e. Kì í ṣe pé kọ́stíìkì sódà dára o. Ó ń jó ọwọ́, ibi tí wọ́n bá sì da omi rẹ̀ sí, ewéko kì í gbádùn níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí yóò yàn án tàbí kọ̀ ọ́ ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìkòkò, kí owó tí wọ́n ń san fún un sì jẹ́ èyí tó lè fi yàn.

Ìwé náà ní àbùkù tirẹ̀. Byfield bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀, òótọ́ ni, síbẹ̀ ìwé ìjọba ló gba iwájú ilé. Mo fẹ́ kí n gbọ́ ohùn wọn ju báyìí lọ: orúkọ tí wọ́n ń sọ aṣọ, ohun tí wọ́n ń sọ sí Ìyá Màpó kí wọ́n tó ṣí ìkòkò. Ó sì dùn mí pé 1940 ló dúró sí, nígbà tó jẹ́ pé àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kan náà ló ṣe ìwọ́de lórí owó orí, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, tí Aláké yìí kan náà fi sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè ní 1949. Ó padà mú ìyẹn nínú ìwé rẹ̀ The Great Upheaval, tó jáde ní 2021. Ẹ kà á tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́.

Ẹnì kan nínú yín yóò bi mí pé kí wá ni ọ̀nà àbáyọ. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Peru fún ìgbà díẹ̀, nítorí àwọn ahunṣọ orí òkè Andes ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Nilda Callañaupa Alvarez, ọmọ ìlú Chinchero, òun àti àwọn ahunṣọ bíi tirẹ̀ ló dá ibùdó aṣọ ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Cusco ní 1996. Àwọn arìnrìn-àjò tó ń lọ wo Machu Picchu ń gba Cusco kọjá, bí àwọn tó lọ wo Olúmọ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí Ìtòkú. Wọ́n rí bí àwọn obìnrin ṣe ń hun ún, bí wọ́n ṣe ń lọ kòkòrò orí ọrọ́ kan tó ń fún wọn ní àwọ̀ pupa. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ kì í ṣe kòkòrò. Ẹni tó dá a sílẹ̀, inú aṣọ híhun ló ti jáde wá.

Ìyá tiwa náà, Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì-Ìjùmú, irú rẹ̀ ni. Ilé aṣọ ló ti dàgbà. Láti 1983 ni ibùdó rẹ̀ ní Òṣogbo ti wà, tí ó ń kọ́ni níṣẹ́ láì gba owó. Ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe débẹ̀, kó wá ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí Kim Marie Vaz kọ ní 1995, kó sì ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ ilé ọkọ. Kò sí ìwé pélébé tó lè gba ìyẹn.

Nítòsí wa níbí ńkọ́? Láti 2018 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì ní Ìgbòọrà, ẹnu ọ̀nà wa. Àlejò ń wá, wọ́n ń ya fọ́tò àwọn ìbejì tó wọ aṣọ kan náà, wọ́n ń lọ. Mo wo aṣọ yẹn dáadáa nígbà tí mo lọ: ankará tí ẹ̀rọ tẹ̀ ló pọ̀ jù. Ní Ìtòkú pàápàá, ẹ̀rọ ilẹ̀ China ti ń tẹ àwòrán àdìrẹ sára aṣọ, wọ́n ń tà á lówó pọ́ọ́kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó. Ẹni tó bá mú àlejò lọ sọ́jà, kó kọ́kọ́ yí aṣọ sódì. Èyí tí a fi ọwọ́ dì, aró máa ń mu ún dé ẹ̀yìn.

Lóṣù tó kọjá mo padà lọ sí Kémta. Ìyá ti lọ sílé ìsinmi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo bá nídìí ọjà. Mo béèrè orúkọ rẹ̀, mo béèrè ẹni tó di aṣọ tí mo mú lọ́wọ́ àti ẹni tó rẹ ẹ́, mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé mi. Mo ní kó dá iye lé e. Ó dá a. Mo ki ọwọ́ bọ àpò láti sanwó.

Ó wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. “Bàbá, ẹ ò ní ná an ni?”

Mo ní rárá.

Ó ní, “Kí ló dé? Ṣé aṣọ wa ò wù yín ni?”

Mo fa àpótí kan, mo jókòó. A ná an fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Iye tí a parí rẹ̀ sí, àárín àwa méjèèjì ni.