Kámẹ́rà Ojú Títì àti Ìdá 42 nínú 100

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, àbọ̀ ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí àwọn kámẹ́rà tí wọ́n gbé sí ojú títì láti máa ká àwọn awakọ̀ tó ń sá eré àsápajúdé mọ́. Ilé-iṣẹ́ PA Consulting àti Yunifásítì UCL ní Lọ́ńdọ́nù ló ṣe é. Wọ́n yẹ ibi tó lé ní 4,000 wò, wọ́n sì ní iye àwọn tó ń kú tàbí tó ń fara pa yánnayànna níbẹ̀ fi ìdá 42 nínú 100 dín kù. Ìṣòro mi pẹ̀lú ìwé náà kò ju iye yìí lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe yan ibi tí kámẹ́rà yóò wà? Ìlànà wọn ni pé ibi tí ìjàm̀bá ńlá bá ti pọ̀ láàárín ọdún mẹ́ta ni kí wọ́n gbé e sí. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi dáìsì lúdò wò ó. Kí gbogbo ọmọ kíláàsì ju dáìsì lẹ́ẹ̀kan. Kí a dé fìlà pupa fún àwọn tó ju mẹ́fà, kí wọ́n sì tún un jù. Púpọ̀ nínú wọn kò ní rí mẹ́fà mọ́. Ṣé fìlà ló fà á? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà tí ọdún burúkú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú lù: ó ṣeé ṣe kí ìjàm̀bá ibẹ̀ rọlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gbé irin kankan síbẹ̀.

Àwọn tó kọ ìwé náà mọ èyí. Wọ́n sọ ọ́ gbangba pé àwọn kò yọ ipa yíyàn yìí kúrò nínú iye wọn. Lẹ́yìn ìwé, nínú àfikún H, ni a ti rí ìṣirò tó yọ ọ́ kúrò, lórí ibi 216 nínú ìlú. Ká ní ìjàm̀bá ńlá 100 ló ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi 55 ló dín kúrò. Nínú rẹ̀, bíi 35 jẹ́ ti fìlà pupa. Bíi 9 jẹ́ nítorí pé ìjàm̀bá ń dín kù káàkiri. Ó wá ku bíi 10 fún kámẹ́rà.

Ta ni yóò ka àfikún H? Òbí tó ń ka ìwé ìròyìn nídìí oúnjẹ kò ní dé ibẹ̀.

Àwọn tó kórìíra kámẹ́rà náà ń ṣe àṣejù, tí wọ́n bá di 35 yẹn mú pé asán ni gbogbo rẹ̀. Èmi kò tíì tó ẹni tó ń wakọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń sọdá títì. Lójú tèmi, 10 nínú 100 kì í ṣe asán. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ Cochrane kó ìwádìí tó lé ní 30 jọ, wọ́n sì rí i pé ìjàm̀bá ń dín kù níbi tí kámẹ́rà bá wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ṣe púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ọ̀nà tó dájú jù wà: kí a ṣẹ́ gègé láàárín àwọn ọ̀nà tó burú bákan náà, kí ìdajì gba kámẹ́rà, kí ìdajì dúró, kí a wá fi wọ́n wéra. Olùkọ́ ìṣirò wa fẹ́ràn rẹ̀. Mo bi wọ́n pé, ta ni yóò sọ fún ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pé gègé kò mú ọ̀nà tiwọn? Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní àwọn náà ò ní fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ́.