Ọjọ́bọ̀ Ìdúpẹ́ ní Amẹ́ríkà

Tí oṣù kọkànlá bá wọlé ní New England, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ewé igi á ti pọ́n bí epo, òmíràn á ti di pupa rúsúrúsú, wọ́n á sì máa já bọ́ sójú títì. Òtútù á bẹ̀rẹ̀ sí í tani létí. Ìgbà yìí ni ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń to elégédé, àgbàdo gbígbẹ àti èso ápù síwájú pẹpẹ, tí wọ́n á fi yin Ọlọ́run tó mú oko so. Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù náà ni Ọjọ́ Ìdúpẹ́. Mo fẹ́ràn ọjọ́ náà púpọ̀, nítorí kò bèèrè ẹ̀bùn, kò bèèrè aṣọ tuntun. Oúnjẹ, ọpẹ́ àti èèyàn ló ń fẹ́.

Inú ìpọ́njú ni ọpẹ́ yìí ti ṣẹ̀. Èrò 102 ni ọkọ̀ ojú omi Mayflower gbé wá ní 1620, àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n á ti máa sin Ọlọ́run bó ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn sì pọ̀ nínú wọn. Kí òtútù ọdún náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní Plymouth, níbi tí wọ́n tẹ̀dó sí, nǹkan bí ìdajì wọn ti kú. Tisquantum, ọmọ ìbílẹ̀ Patuxet, ló kọ́ àwọn tó ṣẹ́kù bí wọ́n ṣe ń fi ẹja ṣe ajílẹ̀ sídìí àgbàdo. Wọ́n kórè ní 1621, wọ́n sì sàsè. Edward Winslow, tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé Massasoit, olórí àwọn Wampanoag tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, kó nǹkan bí 90 ọkùnrin wá, wọ́n jọ jẹ, wọ́n jọ mu fún ọjọ́ 3, àwọn àlejò náà sì pa àgbọ̀nrín 5 kún oúnjẹ.

Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò dára. Ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn Wampanoag, láti 1970 ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sì ti ń péjọ sí Plymouth ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ kan náà láti ṣọ̀fọ̀. Kò yẹ kí Kristẹni gbójú kúrò níbẹ̀. Ẹni tó gbani lálejò wà lára ohun tí a ó máa dárúkọ nínú ọpẹ́ wa.

Inú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni Ààrẹ Lincoln ti kéde Ọjọ́ Ìdúpẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1863.

Ní àwọn ilé kan, kí ẹnikẹ́ni tó bu oúnjẹ, wọ́n á fi hóró àgbàdo 5 sínú àwo kọ̀ọ̀kan, ní ìrántí ebi àwọn àkọ́dé Plymouth wọ̀nyẹn. Bí ẹnì kan bá mú hóró kan, á sọ ohun kan tó ń tìtorí rẹ̀ dúpẹ́. Ọmọdé á ní òun dúpẹ́ nítorí ajá òun. Ìyá àgbà á dúpẹ́ pé òun tún rí ọdún yìí. Ilé á pa rọ́rọ́ nígbà míì, torí ẹni tó kàn ti fẹ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbé tòlótòló jáde látinú ààrò, awọ rẹ̀ pọ́n, omi ara rẹ̀ ń kán, pẹ̀lú ànàmọ́ àti elégédé tí wọ́n fi ìyẹ̀fun yan.

Nílé àwọn Yorùbá tó wà ní Houston tàbí Maryland, ata rodo ti wọnú tòlótòló yẹn dáadáa. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mọ́ínmọ́ín náà ò sì jìnnà. Wọ́n á gbàdúrà, orin ọpẹ́ á gbalé kan. Àmọ́ àwọn tó jókòó yí tábìlì ká ló ń wú mi lórí jù: akẹ́kọ̀ọ́ tí apá rẹ̀ kò ká owó ọkọ̀ òfuurufú, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé tí kò tíì mọ ẹnì kankan ju ẹni tó bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn náà ni àkọ́dé ti ọdún yìí.

Ẹ̀yin ará wa tó wà lọ́hùn-ún, kí Ọjọ́bọ̀ náà tó dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹ̀yìn yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó máa ń dá wá, tó sì máa ń dá lọ, ẹ pè é wá jẹun nílé yín.