Orúkọ ìdílé Shufflebottom: ohun tí etí gbọ́ àti ohun tí àkọsílẹ̀ fi hàn

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni ó sì yẹ kí a wò kí a tó túmọ̀ orúkọ ìdílé. Shufflebottom, orúkọ tí ó ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ bí etí ti gbọ́ ọ lónìí yóò rí «wíwọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀» àti «ìdí» nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ yìí ń pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rí.

Ìwé atúmọ̀ orúkọ ìdílé tí P. H. Reaney ṣe ní 1958 gba ọ̀nà tí ó tọ́: àkọsílẹ̀ tí ó ní ọdún ni ó fi ṣe ẹ̀rí. Ní 1285, ní Lancashire, Schyppewallebothem ni wọ́n kọ. Apá mẹ́ta ni ó ní: schyppe, àgùntàn, walle, ìsun omi, bothem, ìsàlẹ̀ àfonífojì. Orúkọ ibùgbé kan ní agbègbè Bury ni, níbi tí ìlú Ramsbottom náà wà. Nígbà tí ìtumọ̀ àtijọ́ fara sin, àwọn ènìyàn fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ rọ́pò èyí tí kò yé wọn mọ́.

Àwọn kan ń sọ pé ìtìjú ni ó bí àkọtọ́ -botham. Ìtìjú lè mú kí ẹnìkan yàn án. Kì í ṣe òun ni ó bí i, nítorí th ti wà níbẹ̀ láti 1285.

Àléébù Reaney ni pé ó fi ọ̀pọ̀ orúkọ tí ó ti ara orúkọ ìlú wá sílẹ̀, kò sì sọ púpọ̀ nípa ibi tí àwọn tí ń jẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí. Ìwé ńlá tí Hanks, Coates àti McClure ṣe ní 2016 lo ìkànìyàn ọdún 1881 láti dí àlàfo náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́. Bí akọ̀wé bá kọ Ogoundélé ní àkọtọ́ Faransé, kò sí àmì ohùn tí yóò sọ bóyá Ògún ni, tàbí ogun, tàbí ogún. Ẹnu àwọn àgbà ilé ni ìdáhùn ṣì wà. Àwọn ará Lancashire ní ìwé 1285 láti padà sí. Ìdílé tí kò bá kọ ohùn orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní rí irú rẹ̀.