Òṣùwọ̀n Àjèjì Lórí Pápá Ilé: Lámèyítọ́ Ìdíwọ̀n Ìtọ́jú Àyíká Láàárín Àwọn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù ní Èkó

Ìfáàrà

Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti kúrò ní eré ọwọ́ dilẹ̀ láwùjọ òde òní. Iṣẹ́ òòjọ́ ni fún ẹni tí ó ń gbá a, òwò sì ni fún ẹni tí ó ni ẹgbẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń béèrè ohun tí òwò náà ń ṣe sí àyíká. Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè náà. Èrò rẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n tí wọ́n gé fún ẹgbẹ́ tí ó ni pápá tirẹ̀ kò lè wọn ẹgbẹ́ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ìjọba.

Òṣùwọ̀n Ilẹ̀ Yúróòpù

Ní 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ẹgbẹ́ Forest Green Rovers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wá ọ̀nà láti dí gbogbo afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ó ń tú jáde. Ẹgbẹ́ náà ń fa iná láti ara oòrùn sí pápá tirẹ̀, kò sì ta ẹran fún òǹwòran. Ní 2019, àjọ Sport Positive bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ẹgbẹ́ Premier League ní máàkì lórí iná, omi, pàǹtí, oúnjẹ àti ọkọ̀ wíwọ̀. Ní 2022, UEFA sọ ètò ìtọ́jú àyíká di ara ohun tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní kí ó tó gba ìwé àṣẹ. Ohun tí ó dára nínú òṣùwọ̀n yìí ni pé ó sọ ìlérí di ohun tí a lè kà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹgbẹ́ ni onílé.

Pápá Méjì ní Sùúrùlérè

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, tí wọ́n kọ́ parí ní 1972. Níbẹ̀ ni Nàìjíríà ti gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní 1980. Lẹ́yìn 2004, wọ́n pa á tì fún ọdún púpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ Pápá Teslim Balogun sí. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1984, wọn kò sì ṣí i títí di 2007. Bẹ́ẹ̀ sì ni sìmẹ́ńtì nìkan ń tú bí ìpín 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọmọ ènìyàn ń tú jáde lágbàáyé. Nítorí náà, àdánù tí ó ga jù ní Sùúrùlérè kì í ṣe ọ̀rá omi tí òǹwòran sọ nù. Kọnkéré ńlá tí wọn kò tọ́jú, tí wọ́n tún wá da òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni. Òṣùwọ̀n tí ó ń wo ìṣe ẹgbẹ́ láàárín ọdún kan kò lè rí ìyẹn.

Ẹgbẹ́ Ayálégbé

Sporting Lagos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2022, àti Ikorodu City ti lo Pápá Mobolaji Johnson ní Oníkàn, ohun-ìní ìjọba ìpínlẹ̀. Ayálégbé kò lè gbé ohun èlò iná oòrùn sórí òrùlé onílé láìgbàṣẹ, nítorí náà òdo ni yóò gbà lórí iná. Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, bí òǹwòran rẹ̀ bá fẹsẹ̀ rìn tàbí wọ dáńfó wá, yóò gba máàkì gíga tí kò ṣiṣẹ́ fún. Àìní kì í ṣe ìtọ́jú.

Ìgúnlẹ̀

Ohun márùn-ún tí CAF ń wò kí ẹgbẹ́ tó gba ìwé àṣẹ ni eré, pápá àti ohun èlò, òṣìṣẹ́ àti ìṣàkóso, òfin, àti owó. Àyíká kò dá dúró láàárín wọn. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ní wíwọ̀n ní Èkó ni ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ pẹ̀lú onípápá: ta ni yóò gbálẹ̀ lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ta ni yóò ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ta ni yóò kó ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà kí òjò tó dé, ta ni yóò sì tún ògiri tí ó sán ṣe? Máàkì kan náà ni ó yẹ kí àwọn méjèèjì jọ gbà. Bí ẹgbẹ́ nìkan bá ń jẹ́jọ́, onípápá yóò máa kọ́ tuntun, èyí tí ó ti wà yóò sì máa wó.