Ta Ni Yóò Ṣọ́lé Fún Wa?

Ipò kan wà lórí pápá bọ́ọ̀lù tí kò gba ẹni méjì. Ẹ lè kó agbábọ́ọ̀lù iwájú mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tí ọ̀nà bá là fún gbá a wọlé. Ẹ lè to ẹni mẹ́rin sí àárín. Àmọ́ ojú ilé ò gba aṣọ́lé méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ni kóòṣì máa mú, á ní kí èkejì lọ jókòó, gbogbo wa á sì mọ ẹni tó mú àti ẹni tó fi sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé tí a bá fẹ́ ka ikọ̀ Super Eagles bí ẹní ka ìwé, ojú ewé aṣọ́lé ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa á ti máa bi mí pé kí ló kan ìwé àwọn akéwì nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ó kàn wá o. Ṣé lámèyítọ́ la pe ara wa? Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni kó wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì, kó sọ ibi tó ti dáa, kó sọ ibi tó kù sí, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Èyí tí à ń gbọ́ nílé ìwòran bọ́ọ̀lù, bẹ̀rẹ̀ láti Wásinmi dé Ìkirè títí dé Àpòmù, kì í ṣe lámèyítọ́. Èébú ni. Bọ́ọ̀lù bá ti wọlé, ariwo "Ẹ yọ ọ́! Ẹ yọ ọ́!" ló kù. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bí wọ́n ṣe mú un débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tèmi ò gùn. Nàìjíríà ò ṣaláìní aṣọ́lé. A mọ aṣọ́lé yàn, a ò mọ̀ ọ́n tọ́. Ohun tó ń dà wá láàmú nìyẹn láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, òun náà ló sì máa dà wá láàmú lọ́la tí a ò bá wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún 19 méjì, ká gbé wọn síra wọn.

Èkíní ni Vincent Enyeama. Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2002, ní ìlú Osaka ní Japan, ó ṣọ́lé fún Nàìjíríà nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé, nígbà tí àwa àti England pàdé. Òmì la ta, 0-0. Olóyè Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́ tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ni kóòṣì tó gbé e sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò rántí ni pé eré yẹn ò lè gbà wá mọ́. Ajẹntínà ti nà wá 1-0, Sweden ti nà wá 2-1, ẹrù ilé la ti ń dì. Ike Shorunmu, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ló ṣọ́lé nínú eré méjèèjì yẹn. Nígbà tí ọmọdé máa wá bọ́ sójú ilé, àgbà ti gba ìyà kúrò nílẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ láìsí ẹrù lórí.

Èkejì ni Francis Uzoho. Òun náà jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 2018 wáyé ní Rọ́ṣíà. Àmọ́ eré àkọ́kọ́ gan-an, àwa àti Croatia, ni wọ́n ti gbé ẹrù lé e lórí. Bẹ́ẹ̀, oṣù kọkànlá ọdún 2017 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ ṣọ́lé fún àgbà ikọ̀ wa, ìlàjì eré kan péré, nígbà tí a bá Ajẹntínà gbá eré ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ kejì ti Deportivo ní Spéènì ló sì ń gbá fún jù. Ta ni àgbà tó wà níwájú rẹ̀? Carl Ikeme tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ lọ́dún 2017. Ikechukwu Ezenwa, tó ń gbá líìgì abẹ́lé, tó sì ṣọ́lé nígbà tí a na Kamẹrúùnù 4-0 ní Uyo, wà lórí àga. Croatia na Uzoho 2-0, kò jẹ́ kí Iceland rí nǹkan kan gbá wọlé, Ajẹntínà sì nà wá 2-1. Kò ṣe é burú rárá. Àmọ́ ọmọdé tí a gbé ẹrù àgbà lé lórí, tí ọrùn rẹ̀ ò bá ṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ máa wo ẹ̀yìn ọ̀la rẹ̀.

Ẹlòmíì á ní Enyeama mọ iṣẹ́ jù ú lọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Enyeama ò ṣàṣìṣe rí. Nínú ìdíje ọdún 2010 ní Gúúsù Áfíríkà, ó gba bọ́ọ̀lù Messi títí ó fi sú Messi, àní òun ni wọ́n fún lẹ́bùn agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ajẹntínà nà wá 1-0. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwa àti Gíríìsì, bọ́ọ̀lù yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Torosidis tì í wọlé, a pàdánù 2-1. Lọ́dún 2014 ní Brazil, ó jáde lọ bá bọ́ọ̀lù kọ́nà, kò rí i mú dáadáa, Pogba ti Faransé fi orí kàn án sínú àwọ̀n. Kò sẹ́ni tó lé e lọ. Láàárín àṣìṣe méjì yẹn ló gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú Stephen Keshi lọ́dún 2013. Láàárín wọn náà ló lo ìṣẹ́jú 1,062 ní Lille láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù wọlé sí i nínú líìgì Faransé. Kó tó fi ikọ̀ wa sílẹ̀ lọ́dún 2015, ó ti gbá eré 101 fún wa. Ká ní ẹnu wa ti òní ló wà nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí Gíríìsì nà wá, ṣé ọdún 2013 á wáyé báyìí?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀: aṣọ́lé. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé. Bí ọdẹ adúgbò ló rí. Ọdẹ á fẹsẹ̀ rìn kiri láti agogo mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́, kò sẹ́ni tó máa kí i pé o ṣeun tí olè ò wá. Ọjọ́ tí olè bá wọlé ni gbogbo ilé á jí, tí wọ́n á máa bi í bóyá ó ń sùn ni. Kò ní sẹ́ni tó máa béèrè ta ló fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ láìtì. Bí a ṣe ń ka iṣẹ́ aṣọ́lé nìyẹn. Góòlù tó wọlé la ń kà. Èyí tí kò wọlé, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ.

Ohun tí irú kíkà bẹ́ẹ̀ ti fà, gbogbo wa la rí i. Lọ́dún 2019 ní Íjíbítì, Daniel Akpeyi wà lójú ilé nígbà tí Mahrez ti Algeria gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé nígbà tó ku fẹ́ẹ́rẹ́ kí rẹfirí fọn fèrè. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, Msakni ti Tùnísíà ta bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, ó kọjá ọwọ́ Maduka Okoye, wọ́n lé wa kúrò nínú ìdíje Áfíríkà, àwọn èèyàn wa sì bú ọmọ náà bí ẹni pé ó pa èèyàn. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí a fẹ́ bá Gánà gbá, Okoye ò sí níbẹ̀, Uzoho la tún sáré pè. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta, ní Àbújá, bọ́ọ̀lù Thomas Partey yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Òmì 1-1 yẹn ló lé wa kúrò nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti Qatar. Ó tún wá kan Uzoho láti gba èébú.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á dá mi lóhùn pé, "Ọ̀rẹ́, a kúkú ṣe sùúrù fún Uzoho, kí ló bí?" Ìbéèrè gidi ni, torí ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ń wọlé tó ń jáde. Èsì mi ni pé ohun tí a ṣe yẹn kì í ṣe sùúrù. Sùúrù ni kí o yan ẹnì kan, kí o sọ fún un pé òun ni, kí o sì rí i pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níbi tó wà. Uzoho ò rí bẹ́ẹ̀ gbà. Ìgbà tí ti Ikeme bàjẹ́ la pè é, ìgbà tí Okoye ò sí la tún padà pè é. Ẹni tí a pè torí pé ilé ń jó, a ò tíì yàn án.

Ẹ wá wo Stanley Nwabali. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ wa ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Chippa United ní Gúúsù Áfíríkà ló ń gbá fún, kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Àmọ́ ó ń gbá níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kóòṣì José Peseiro gbé e sílẹ̀ ní Ivory Coast. Lẹ́yìn òmì 1-1 tí a ta pẹ̀lú Equatorial Guinea, eré mẹ́rin tẹ̀ léra wọn tí ẹnikẹ́ni ò gbá bọ́ọ̀lù wọlé sí i. Ó mú pẹ̀nárítì méjì nígbà tí a bá Gúúsù Áfíríkà gbá, a sì dé àṣekágbá kí Ivory Coast tó nà wá 2-1. Èèyàn pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kì í gbàgbé iṣẹ́, kò sí ìyanu ńbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ká tó wò ó.

Síbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ò lè tún ilé kọ́. Lọ́jọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní Rabat, àwa àti DR Congo ta 1-1. Kó tó kan pẹ̀nárítì, kóòṣì tiwọn yọ aṣọ́lé tó ń gbá bọ̀, ó fi Timothy Fayulu rọ́pò rẹ̀. Fayulu ló mú tiwa, wọ́n borí 4-3. Lẹ́ẹ̀kejì tẹ̀ léra wọn, ife ẹ̀yẹ àgbáyé fò wá. Ẹ wo ohun tí àwọn yẹn ṣe: wọ́n ní aṣọ́lé kejì tí wọ́n fọkàn tán débi pé wọ́n lè fi gbogbo ìrìn àjò wọn lé e lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ta ni aṣọ́lé kejì tiwa? Ẹ bi ara yín kíákíá, ẹ má ronú. Ṣé ẹ rí i?

Ọjọ́ orí ò sì dúró dè wá. Ọdún 1996 ni wọ́n bí Nwabali. Tí ìdíje ọdún 2030 bá fi máa bẹ̀rẹ̀, á ti tó ẹni ọdún 34. Ọdún 34 ni Peter Rufai náà wà nígbà ìdíje 1998 ní Faransé, Rufai tí wọ́n ń pè ní Dodo Mayana (ẹ̀yin ọmọ Ìkirè, kì í ṣe dòdò tiwa o). Àgbà aṣọ́lé ni, ó gba ife Áfíríkà fún wa lọ́dún 1994, ìlú ò sì gbàgbé rẹ̀ nígbà tó kú ní oṣù keje ọdún 2025. Àmọ́ Denmark nà wá 4-1 ní 1998, kò sì sí ọmọdé kankan lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà tí a ti tọ́ débi pé ó lè gba ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n lé Nwabali. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìsinsìnyí tó ṣì lágbára ló yẹ kí ọmọ ọdún 19 kan ti wà lẹ́yìn rẹ̀, kó máa wo ọwọ́ rẹ̀, kó máa ṣọ́lé nínú eré tí ẹrù rẹ̀ ò wúwo, bí Enyeama ṣe ṣe ní Osaka.

Níbo la ti máa rí ọmọ náà? Ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Best Ogedegbe tó ṣọ́lé nígbà tí a kọ́kọ́ gba ife Áfíríkà lọ́dún 1980, ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn ló ti wá, àwọn tó gba ife Áfíríkà ti àwọn ẹgbẹ́ lọ́dún 1976. Shorunmu náà gbá fún Shooting Stars. Stationery Stores ti Èkó ni Rufai ti jáde. Enyimba ti Aba ni Enyeama wà nígbà tí wọ́n gba ife àwọn akọni Áfíríkà ní 2003 àti 2004. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, líìgì abẹ́lé ló bí wọn. Kò sí ohun tó burú nínú ọmọ wa tí wọ́n bí sí Jámánì tàbí England, ọmọ ilé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń ra iṣu jẹ lọ́jà, tí oko tirẹ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé tí kò ro ó, kì í ṣe ọjà ló yẹ kó máa bú.

Ẹ̀yin akéwì ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé a kì í fi ìlà kan tó yẹ̀ da ewì nù. A máa ń ka gbogbo rẹ̀, a máa ń bi ẹni tó kọ ọ́ pé kí ló kà, ta ló kọ́ ọ, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ká ka aṣọ́lé bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn tí bọ́ọ̀lù bá wọlé, kí ẹnì kan nínú wa nílé ìwòran kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè mẹ́ta yìí kó tó pariwo: ṣé ó ń gbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níbi tó wà? Àgbà wo ló wà níwájú rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀? Ọmọdé wo ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Tí àwọn tó ń yan ikọ̀ ò bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe aṣọ́lé ló jẹ́ kí olè wọlé.